Ohun Tí Àríyànjiyàn Lórí Ọlọ́run àti Sáyẹ́ǹsì Kọ́ Mi ní Kubwa

Ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Kubwa, ní Àbújá, bí wọ́n bá fi orúkọ Jésù bẹ̀rẹ̀ ìpàdé, Fátíhà ni wọ́n máa fi parí ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń kọminú sí i. Ilé tí wọ́n ti ń ṣe méjèèjì lèmi náà ti wá: Mùsùlùmí ni bàbá mi, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni ìyá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ làwọn méjèèjì, Sabon Gari ní Zaria sì ni wọ́n bí mi sí. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ìyẹn rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn rọrùn lẹ́nu wa. Ẹni tó gbé òkè Ọya lọ́dún 2000, nígbà tí Kaduna gbiná lórí ọ̀rọ̀ Ṣàríà, mọ ibi tí wọ́n ti ń rẹ ohùn sílẹ̀. A lè jiyàn lórí bọ́ọ̀lù títí ilẹ̀ á fi ṣú, a lè bú ìjọba bó ṣe wù wá, àmọ́ tó bá di ti Ọlọ́run, oníkálukú á di tiẹ̀ mú.

Bí ìpàdé bá tú, àwa díẹ̀ máa ń ṣẹ́kù lábẹ́ páànù iwájú ilé akọ̀wé ẹgbẹ́. Ibẹ̀ ni ọmọkùnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Ẹnjiníà, tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún iléeṣẹ́ kan ní Wuse, ti sọ fún wa pé òun ò gbà pé Ọlọ́run wà mọ́. Kì í ṣe pé ó fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n ní kó gbàdúrà ìparí lóṣù yẹn ni, ó sì ní òun ò lè fẹnu sọ ohun tí kò sí lọ́kàn òun.

Ìyá Ìjọ, tó dàgbà jù láàárín wa, kọ́kọ́ dákẹ́, ó wá ní, "Ọmọ mi, ta ló ṣẹ̀ ọ́?" Áfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní kéú bi í ní tiẹ̀ pé, "Àbúrò, ta lo tún ti sọ èyí fún?" Ìbéèrè Ìyá Ìjọ bí Ẹnjiníà nínú. Ó ní kò sẹ́ni tó ṣẹ òun, ìwé lòun kà, òun sì ronú sí ohun tóun kà. Ti Áfáà ló mú kí gbogbo wa panu mọ́, nítorí a mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù.

Gbogbo wa la gbọ́ nípa Mubarak Bala, ọmọ Kano tó kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà, tó sì di ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn tí kò gba ẹ̀sìn kankan ní Nàìjíríà. Lọ́dún 2014, nígbà tó ní òun ti fi Ìsìláàmù sílẹ̀, àwọn ẹbí ẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àwọn tó ní àrùn ọpọlọ. Ní oṣù kẹrin 2020, wọ́n mú un ní Kaduna lórí ohun tó kọ sí Facebook, wọ́n gbé e lọ sí Kano, nígbà tó sì di oṣù kẹrin 2022, adájọ́ ní kó lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún 24. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ló dín in kù sí ọdún 5 ní 2024, tó fi wá jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025. Lọ́dún 2022 kan náà, ní Sokoto, àwọn èrò sọ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan lókùúta pa, wọ́n sì dáná sun òkú ẹ̀, wọ́n ní ó sọ̀rọ̀ òdì sí Ànábì. Krìstẹ́nì lọmọ yẹn. Áfáà sọ̀rọ̀ lé e lórí lọ́jọ́ tá à ń wí yìí, ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ gbèjà Ọlọ́run pẹ̀lú òkúta, ẹni yẹn ni kò mọ bí Ọlọ́run ṣe tóbi tó.

Ìyá Ìjọ ló mẹ́nu ba Tai Solarin. Ọkọ wọn jẹ́ ọmọ Rẹ́mọ, wọ́n sì mọ Mayflower ní Ìkẹ́nnẹ́ dáadáa, ilé ìwé tí ọkùnrin yẹn dá sílẹ̀ ní 1956. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé Tai Solarin ò gba Ọlọ́run gbọ́, kò sì fi ẹ̀sìn kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Síbẹ̀, àwọn olórí ìjọ àti àwọn alájì ń kó ọmọ wọn lọ bá a, torí wọ́n mọ̀ pé yóò kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́, yóò sì kọ́ wọn níṣẹ́ ọwọ́. Láti ọ̀dọ̀ wa lọ́hùn-ún sí ibi tá à ń gbé yìí, orílẹ̀-èdè kan náà ni, ìwé òfin 1999 kan náà ni, abala 38 rẹ̀ sì fún olúkúlùkù ní òmìnira èrò àti ẹ̀sìn, títí kan ẹ̀tọ́ láti yí ẹ̀sìn padà. Kò yẹ kó jẹ́ ibi tí ènìyàn ń gbé ni yóò sọ bóyá òfin yẹn á dáàbò bò ó.

Ká tó sọ ọ̀rọ̀ mìíràn, a kọ́kọ́ ṣe àdéhùn. Kò sẹ́ni tó máa gbé ohùn ẹnikẹ́ni sórí fóònù. Kò sẹ́ni tó máa sọ ohun tí Ẹnjiníà sọ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ó sì ti fún mi láyè láti kọ èyí, bí mi ò bá ti dárúkọ ẹ̀. Mo kà á sí ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ tá a ṣe. Bí ẹnì kan bá mọ̀ pé gbólóhùn kan lè sọ òun dèrò ẹ̀wọ̀n, ẹni tó jókòó tì í tó sì ń kó àlàyé kalẹ̀ kò bá a jiyàn, ó kàn ń bá ẹni tí wọ́n dì lẹ́nu sọ̀rọ̀ ni.

Àríyànjiyàn wa àkọ́kọ́ dá lórí ta ló dá ayé. Ẹnjiníà mú ti ìbúgbàù ńlá (Big Bang) wá, pé bílíọ̀nù ọdún 13.8 ni ayé òun ọ̀run yìí ti wà. Mo rán an létí pé Georges Lemaître, tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé ìmọ̀ yẹn kalẹ̀, fádà ìjọ Kátólíìkì ni. Áfáà sọ ti Ibn al-Haytham, Mùsùlùmí tó ṣe ìwádìí ìmọ́lẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ ń lọ, ọ̀rọ̀ ń bọ̀, kò sẹ́ni tó kúrò níbi tó wà. Mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí ẹ̀.

Òṣùpá ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ààwẹ̀ ti súnmọ́, àwọn kan ní Ọjọ́rú ni, àwọn kan ní Ọjọ́bọ̀, gbogbo wa sì ń retí ohun tí Sultan Sokoto máa kéde. Ẹnjiníà ṣí fóònù, ó fi wákàtí àti ìṣẹ́jú tí oṣù tuntun máa bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀run han Áfáà, ó ní ẹni tó bá mọ ìṣirò ti mọ èyí láti ọdún gbọọrọ, kí ló wá dé tẹ́ ẹ ń na ọrùn sókè? Áfáà ò bínú. Ó ní, "Àbúrò, Ànábì ní ká gbààwẹ̀ tá a bá rí i, bí kùrukùru bá sì bò ó, ká pé e ní ọgbọ̀n. Kò ní ká má mọ ìṣirò. Ìṣirò ẹ lè sọ fún mi pé lálẹ́ yìí, kò sóhun tí ojú lè rí. Tí ẹnì kan bá wá búra fún mi pé òun rí i, mo mọ̀ pé kò rí i." Ẹnjiníà wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó ní bí gbogbo ènìyàn bá ń ronú báyìí, òun ò níjà.

Áfáà wá sọ ohun tí mi ò gbọ́ rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2001, òjìji ayé bo òṣùpá, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Maiduguri sì ya lu ilé ọtí àti òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń dá níbẹ̀ ló fà á. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí ọmọ Ànábì fúnra wọn, Ibrahim, kú, tí òkùnkùn sì bo oòrùn, tí àwọn ènìyàn ní oòrùn ń ṣọ̀fọ̀ ni, Ànábì ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé oòrùn àti òṣùpá kì í tìtorí ikú tàbí ìbí ẹnikẹ́ni ṣókùnkùn. Nígbà tí òṣùpá bo oòrùn pátápátá ní apá kan òkè Ọya ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta 2006, wọ́n ti kéde rẹ̀ ṣáájú, àwọn ènìyàn sì jáde wò ó. Ẹnjiníà béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ Ibrahim yẹn wà, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Láti ìgbà yẹn, tí ẹnì kan bá ti ń fò lókè jù, ẹlòmíràn á ní, "Fà á wálẹ̀." A máa ń wá ohun kan tí ojú rí.

Ọ̀rọ̀ àrùn rọpárọsẹ̀ gùn ju bí mo ṣe rò lọ. Ẹnjiníà ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ó ní ẹ̀sìn ló mú kí wọ́n kọ àjẹsára ní Kano ní 2003, tí àrùn náà sì ti ibẹ̀ ràn dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Áfáà ń gbé Kano nígbà yẹn, ó sì ní kó má bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti àárín. Ní 1996, nígbà tí yírùnyírùn ń pa ọmọdé ní ìlú yẹn, iléeṣẹ́ Pfizer wá dán oògùn kan tí wọ́n ń pè ní Trovan wò lára àwọn ọmọ. Ọmọ 200 ni wọ́n lò fún ìdánwò náà, ìdajì gba Trovan, ìdajì gba oògùn mìíràn, ọmọ 11 kú nínú wọn. Pfizer ní yírùnyírùn ló pa wọ́n, kì í ṣe oògùn. Àwọn òbí ní kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún àwọn pé ìdánwò ni. Ní 2009, Pfizer gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là láti fi yanjú ẹjọ́ tó wà láàárín òun àti ìjọba Kano. Áfáà ní, "Ẹni tí wọ́n bá ti ṣe irú èyí fún, tó bá rí òyìnbó mìíràn pẹ̀lú ìgò oògùn lọ́dún méje lẹ́yìn náà, ṣé ẹ̀sìn nìkan ló ń dẹ́rù bà á?" Àwọn tó ní àjẹsára náà ń sọni di àgàn purọ́, Áfáà fúnra ẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó parí kíkọ̀ náà ni pé àwọn àgbà Kano gba àjẹsára tí wọ́n ṣe ní Indonesia, ìlú Mùsùlùmí, lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn náà làwọn ìmáàmù àti àwọn ọba bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọmọ tiwọn síta kí wọ́n kán an sí wọn lẹ́nu. Ní oṣù kẹjọ 2020, wọ́n kéde pé kòkòrò rọpárọsẹ̀ àdámọ́, èyí tí kì í ṣe látinú àjẹsára, ti kúrò ní gbogbo Áfíríkà. Sáyẹ́ǹsì ló ṣe oògùn náà, àmọ́ ọwọ́ àwọn ẹlẹ́sìn ló gbà wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ìtàn yìí láìdárúkọ ọ̀kan nínú méjèèjì kò sọ ọ́ tán.

Iṣẹ́ tèmi ni ẹ̀jẹ̀. Láàbù kékeré kan ní Kubwa ni mo ti ń ṣiṣẹ́, jẹ́nótáìpù sì wà lára ohun tá à ń yẹ̀ wò jù, torí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní Àbújá kì í so tọkọtìyàwó pọ̀ láìrí ìwé ẹ̀. Nígbà tí àríyànjiyàn dé orí fòníkú-fọ̀ladìde, mo ní kí wọ́n wá wò ó fúnra wọn.

Wọ́n wá lọ́jọ́ Sátidé. Mo kán ẹ̀jẹ̀ tí mo ti fọ̀ tẹ́lẹ̀ sórí bébà funfun pẹlẹbẹ, mo tẹ́ ẹ sínú ẹ̀rọ, etí ẹ̀ méjèèjì wọnú omi, mo tan iná. Fún ìgbà díẹ̀, kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà, àmì pupa náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Èyí tí wọ́n ń pè ní A ló ń sáré ṣíwájú. S ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn. C, tó pọ̀ lára àwa Yorùbá ju ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn lọ ní Nàìjíríà, ló fà sẹ́yìn jù. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jẹ́ AS ni Ìyá Ìjọ ń wò: ìlà kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ pín sí méjì lójú wọn. Wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wò ó. Wọ́n ní, "Ṣé ohun tó pa àwọn ọmọ àbúrò mi rèé?" Wọ́n ní àbíkú ni wọ́n pè wọ́n nílé. Wọ́n sọ ọ̀kan ní Málọmọ́, wọ́n fi abẹ kọ ọ̀kan létí. Ọmọ náà ń sunkún ẹsẹ̀, ó ń sunkún ọwọ́, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ kó má padà sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ ẹ̀.

Mo ṣàlàyé ohun tí mo mọ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló yí padà nínú àkọsílẹ̀ tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa. Bí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS, ìyẹn ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde. Dókítà kan tó dàgbà ní Kenya, Anthony Allison, ló fi hàn ní 1954 pé ibà kì í ba ọmọ tó jẹ́ AS jà bó ṣe ń ba AA jà. Ìdí nìyẹn tí S ò fi parẹ́ nílẹ̀ tí ẹ̀fọn pọ̀ sí bíi tiwa.

Ẹnjiníà wá sọ ohun tí mi ò tíì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ títí dòní. Ó rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Ìyá. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá jókòó gbèrò ìlànà yìí, a jẹ́ pé ó fi ikú ọmọ kan dáàbò bo àwọn àbúrò ẹ̀ ni. Bí ènìyàn ló ṣe é, kí la máa pe ẹni náà?" Áfáà ní ọgbọ́n tóun ò mọ̀ kò túmọ̀ sí pé kò sí Ọlọ́gbọ́n. Ìyá Ìjọ ò dá a lóhùn pẹ̀lú ẹ̀kọ́ kankan. Wọ́n ní lálẹ́ tí ìkẹta nínú àwọn ọmọ yẹn kú, àwọn dókítà ń yanṣẹ́ lódì, kò sí ẹ̀jẹ̀ ní ọsibítù, àwọn obìnrin ìjọ nìkan ló jókòó ti àbúrò àwọn títí ilẹ̀ fi mọ́. "Ohun tí mo mọ̀ nípa Ọlọ́run nìyẹn. Mi ò mọ ti bébà yìí."

Mo gba Ọlọ́run gbọ́. Síbẹ̀, ìbéèrè ọmọ yẹn wúwo, mi ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi "ọ̀nà Ọlọ́run jìn" gbá a dànù. Ẹni tó bá rò pé ẹni tí kò gbàgbọ́ kàn fẹ́ máa dẹ́ṣẹ̀ ni, kò tíì jókòó gbọ́ irú ìbéèrè yìí. Bákan náà, ẹni tó bá ń pe ìgbàgbọ́ ní òmùgọ̀ kò tíì sí níbi tí àwọn obìnrin ìjọ ti dì mọ́ ìyá tó pàdánù ọmọ.

Ibi tí mo ti ń bá àwọn onígbàgbọ́ ẹlẹgbẹ́ mi jà ni ti àwọn tó ń bọ̀ wá bá mi pé kí n tún ẹ̀jẹ̀ àwọn yẹ̀ wò, pé àwọn ti gbààwẹ̀, wòlíì sì ti ní AS àwọn ti di AA. Ààwẹ̀ kì í yí jẹ́nótáìpù padà. Tí èsì bá yàtọ̀, láàbù kan ló ṣàṣìṣe nínú méjèèjì, ọmọ tí wọ́n á bí ló sì máa jìyà ẹ̀. Mo máa ń sọ ọ́ fún wọn lójúkojú, bí inú bá ń bí wọn kó bí wọn.

Ohun tó lè yí ẹ̀jẹ̀ padà nísinsìnyí, ọwọ́ ènìyàn ló wà. Emmanuelle Charpentier àti Jennifer Doudna ló gbé CRISPR, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń tún jíìnì ṣe, kalẹ̀ ní 2012, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí ẹ̀ ní 2020. Ní ìparí 2023, ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú kan tí wọ́n ń pè ní Casgevy: wọ́n á fa sẹ́ẹ̀lì tó ń bí ẹ̀jẹ̀ jáde lára aláìsàn, wọ́n á tún jíìnì kan ṣe nínú ẹ̀ kí ara lè padà máa ṣe irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ inú oyún ń ṣe, wọ́n á fi oògùn líle pa ti àtijọ́ inú mùdùnmúdùn eegun, wọ́n á sì dá ti tuntun padà. Victoria Gray, obìnrin ará Mississippi tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún ní Amẹ́ríkà ní 2019, sọ ní gbangba pé ìdáhùn àdúrà òun ni. Mo rò pé Ìyá Ìjọ máa ní ènìyàn ń bá Ọlọ́run dupò. Iye tó jẹ́ ni wọ́n béèrè. Mílíọ̀nù 2.2 dọ́là ni wọ́n dá lé e ní Amẹ́ríkà, ìyẹn bíi bílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Wọ́n kígbe. Wọ́n ní, "Nígbà náà, kì í ṣe ti wa."

Gbólóhùn yẹn ló tò wá sí apá kan náà. Nàìjíríà ni wọ́n ti ń bí ọmọ SS jù lágbàáyé. Àìsàn wa ni, ìwòsàn ẹ̀ sì jókòó síbi tí ọwọ́ wa ò dé. Ẹnjiníà, tó máa ń fi ayọ̀ sọ pé lọ́jọ́ iwájú ènìyàn á fi ẹ̀rọ ṣẹ́gun ikú, ò rí nǹkan sọ lọ́jọ́ yẹn. Áfáà ló sọ ọ́: gbogbo ẹ̀mí ló máa tọ́ ikú wò, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí Ọlọ́run ti ní kí tálákà kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

Ti ọgbọ́n àtọwọ́dá ò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹnjiníà ní kí Áfáà bi AI inú fóònù òun léèrè ọ̀rọ̀ kan lórí ogún jíjẹ. Ó dáhùn ní Yorùbá, ó tún fi hádíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ Ànábì, gbè é lẹ́sẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà, ó ní inú Bukhari, ìwé tí wọ́n kó hádíìsì jọ sí, ló wà. Áfáà gbé Bukhari tiẹ̀ jáde, ó wá a, kò rí i. Ó wá a níbòmíràn nínú ìwé náà, kò sí. Ẹnjiníà ṣàlàyé pé ẹ̀rọ náà ń to ọ̀rọ̀ tó bá ara mu tẹ̀lé ara wọn ni, kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Áfáà ní ewu ńlá nìyẹn fún ọmọ kéú tí kò ní ìwé nílé. Wọ́n jọ ń kọ́ àwọn ọmọ náà báyìí bí wọ́n ṣe máa yẹ ohun tí fóònù bá sọ wò, Áfáà pẹ̀lú ìwé ẹ̀, Ẹnjiníà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Èmi ò mọ ibòmíràn ní Àbújá tí irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀, ó sì wù mí kó tàn kálẹ̀.

Ohun tá à ń fà lọ́wọ́lọ́wọ́ ni ti ọlẹ̀. Àwọn ilé ìwòsàn kan níbí lè ṣe oyún níta, kí wọ́n yẹ jẹ́nótáìpù ẹ̀ wò, kí wọ́n sì gbé èyí tí kì í ṣe SS nìkan sínú ìyá. Ẹnjiníà ní kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Áfáà ní ọjọ́ 120 ni wọ́n ń fẹ́ ẹ̀mí sínú ọlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí hádíìsì ṣe wí, ọ̀pọ̀ onímímọ̀ sì gbà á láyè fún tọkọtìyàwó bí àìsàn bá wà. Ìyá Ìjọ ló kọ̀ jálẹ̀: àwọn tí wọ́n máa dà nù ńkọ́? Wọ́n ní ẹni tí wọ́n ti sin ọmọ mẹ́ta ní ilé wọn kò lè fi ẹnu ara ẹ̀ pe èyíkéyìí ní ohun tí kò já mọ́ nǹkan. Èmi fara mọ́ Áfáà, mo sì ti sọ fún wọn, àmọ́ ọ̀rọ̀ wọn ò kúrò lọ́kàn mi.

Ọkọ àti ìyàwó kan wà, AS làwọn méjèèjì, wọ́n ti ṣègbéyàwó kí wọ́n tó mọ̀. Wọ́n bi mí ní ohun tí wọ́n lè ṣe. Mo sọ ohun tó wà fún wọn àti iye tó jẹ́, mo sọ ohun tí Áfáà sọ àti ohun tí Ìyá Ìjọ sọ, láìfi kan pamọ́. Mo fún wọn ní nọ́ńbà dókítà tó mọ̀ nípa ẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ bá Ìyá Ìjọ àti Ẹnjiníà sọ̀rọ̀ pọ̀, ní ìjókòó kan náà, kí àwọn tó mọ èyí tí àwọn máa ṣe, àwọn méjèèjì sì ti gbà láti wá.